Òótọ́ àti Irọ́: Àyàn Kọ́ Ló Bí Oníkọnsatínà

Bí mo bá fi fídíò Mohsen Amini, tó ń tẹ kọnsatínà, han ẹnikẹ́ni nílé wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́. Wọn á wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sáré lórí àpótí kékeré onígun mẹ́fà yẹn, wọn á mi orí, wọn á ní, "Ilé onílù ni wọ́n ti bí eléyìí." Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan, tó fẹ́ràn orin I.K. Dairo bí ẹní fẹ́ràn iyán, tilẹ̀ bá mi jiyàn pé bàbá bàbá ọmọ náà ló fi í lé e lọ́wọ́, bí àwọn ará ilé Àyàn ṣe ń fi gángan lé ọmọ wọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé."

"Kí lo fẹ́ ṣàlàyé? Ohun tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣé ó ṣeé fi pamọ́ ni?"

Mi ò bá ẹ̀gbọ́n jà. Ohun tí a mọ̀ la fi ń wọn ohun tí a kò mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń jẹun nídìí ìlù, ó ṣeé ṣe kí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, kí ó sì ti máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ojú yẹn la fi ń wo gbogbo olórin ìbílẹ̀ lágbàáyé. Nídìí kọnsatínà, ojú yẹn á ṣì wá lọ́nà. Àwọn tó ni ohun èlò náà pàápàá ń pa irọ́ tiwọn mọ́ ọn, irọ́ dídùn tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò.

Irọ́: "Ohun àtayébáyé ni"

Wọ ilé ọtí kan ní County Clare, ní ìwọ̀-oòrùn Áyálándì, lálẹ́. Iná ń jó nínú ààrò, obìnrin kan di ojú, ó gbé kọnsatínà lé itan, orin ń tú jáde bí omi ìsun. Ẹni tó bá wọlé lásìkò yẹn á búra pé ohun èlò yìí ti wà láti ayé Nóà.

Ọmọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Charles Wheatstone, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹni kan náà tó bá William Cooke gba ìwé-àṣẹ lórí tẹligíráàfù ní 1837, òun ló ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní kọnsatínà Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé-àṣẹ tó gbà ní 1829 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì gba òmíràn ní 1844. Ní Jámánì, ní ìlú Chemnitz, Carl Friedrich Uhlig ti gbé tirẹ̀ jáde ní 1834. Irú ti Uhlig yìí ni àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ Lọ́ńdọ̀nù tún ṣe tó fi di Anglo, Anglo yìí náà ló sì gbilẹ̀ ní Áyálándì. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan? Ọkùnrin tó ń wá bí ìròyìn á ṣe gba inú wáyà kọjá wà lára àwọn tó ṣe ohun tí a ń pè lónìí ní ohùn àwọn babańlá.

Ọjà ni kọnsatínà, kì í ṣe ogún. Nígbà tí ọ̀rúndún yẹn fi máa parí, ti Jámánì ti pọ̀, owó rẹ̀ sì rọ̀. Clare wà létí odò Shannon níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń wọlé tó ń jáde. Ó wọ ilé àgbẹ̀, ó sì tẹ àwọn obìnrin lọ́rùn débi pé wọ́n fún un lórúkọ lédè Áyálándì: bean cháirdín, ìyẹn àkọ́díọ̀nù obìnrin. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọkùnrin ni orin ìbílẹ̀, kí ó rántí orúkọ yẹn.

Irọ́: "Iṣẹ́ ìdílé ni"

Ibí yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣìnà, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ dúró pẹ́.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orin ń gba inú ìdílé kọjá. Cormac Begley, tó ń fi kọnsatínà ńlá àti kékeré, láti orí èyí tó ń bú bíi kìnnìún dé orí èyí tó ń ké bí ẹyẹ, ṣe eré fún odindi alẹ́, ìdílé olórin ní ìwọ̀-oòrùn Kerry ló ti wá, bàbá rẹ̀ Brendan sì ń tẹ àkọ́díọ̀nù. Ṣùgbọ́n orin lọ̀tọ̀, iṣẹ́ lọ̀tọ̀. Ohun tó ń gba inú ìdílé kọjá ni orin. Iṣẹ́ olórin, kí èèyàn jí láàárọ̀ kó jẹ́ pé kọnsatínà ni oko rẹ̀, kò sí nínú ogún náà rárá.

Ẹ wo àwọn àgbà. Elizabeth Crotty, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mrs Crotty, ni orúkọ tó tóbi jù nínú kọnsatínà Clare. Wọ́n bí i ní 1885, ó kú ní 1960. Ọtí lòun àti ọkọ rẹ̀ ń tà nílé ọtí wọn ní Kilrush. Àwọn ọdún 1950, nígbà tó ti di ìyá àgbà, ni Ciarán Mac Mathúna ti rédíò Áyálándì gbé ẹ̀rọ dé, tó gba orin rẹ̀ sílẹ̀, tí gbogbo orílẹ̀-èdè sì gbọ́ ọ. Chris Droney ti Bell Harbour, ní Clare náà, àgbẹ̀ ni.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti William Kimber. Bíríkìlà ni, ní Headington, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oxford. Lọ́jọ́ kejì Kérésì, ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ 1899, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ijó Morris. Àsìkò ijó náà kọ́ nìyẹn, ìgbà Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n sábà máa ń jó o. Ṣùgbọ́n òtútù ti dá iṣẹ́ bíríkìlà dúró, owó kò sí nílé, wọ́n ní ó sàn kí àwọn jó kí àwọn rí nǹkan mú relé. Ilé tí wọ́n jó dé lọ́jọ́ náà, àlejò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Cecil Sharp. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó gbọ́ kọnsatínà Kimber, ó bẹ̀ ẹ́ kó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó sì kọ orin náà sílẹ̀. Ìpàdé yẹn wà lára ohun tó bí iṣẹ́ tí Sharp ṣe láti kó orin àti ijó ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ. Kimber ńkọ́? Ó padà sídìí bíríkì rẹ̀. Ó di olókìkí, ó dàgbà, ó darúgbó, ó kú ní 1961, bíríkìlà ṣì ni.

Onílé ọtí, àgbẹ̀, bíríkìlà. Kò sí ẹni tí kọnsatínà bọ́ nínú wọn. Àyàn tiwa ń jẹ lẹ́nu ọ̀pá ìlù rẹ̀ láti ayé àwọn ọba aláyélúwà. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń fi kọnsatínà orin ìbílẹ̀ ṣe iṣẹ́ òòjọ́ lọ́dọ̀ wọn, ohun tuntun ni, ó tuntun ju àwo orin lọ.

Ta wá ló bí i? Ẹgbẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ni. Ní 1951 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin Comhaltas Ceoltóirí Éireann sílẹ̀ ní Áyálándì, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe Fleadh Cheoil àkọ́kọ́ ní Mullingar. Ìdíje ni, wọ́n sì pín in sí ohun èlò-ohun èlò, wọ́n pín in sí ọjọ́ orí: àwọn tí kò tíì pé 12, àwọn tó wà láàárín 12 sí 15, àwọn 15 sí 18, àti àwọn àgbà. Ọmọ á kọ́kọ́ yege ládùúgbò kó tó lọ sí ti gbogbo ilẹ̀. Comhaltas ní ẹ̀ka káàkiri ibi tí àwọn ará Áyálándì ṣí lọ, Glasgow wà lára wọn. Ní 1973, lẹ́yìn ikú Willie Clancy tó ń fun fèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ooru lórúkọ rẹ̀ ní Miltown Malbay, ní Clare. Oṣù Agẹmọ ọdọọdún ni, ọ̀sẹ̀ kan gbáko: àárọ̀ ni ẹ̀kọ́, alẹ́ ni ilé ọtí. Láti 1996, èèyàn lè gba oyè yunifásítì nínú orin ìbílẹ̀ Skọ́tílándì ní Glasgow. Ní 2001, Yunifásítì Newcastle náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ fún orin ìbílẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wo Mohsen Amini. Ọmọ Glasgow ni, ẹ̀jẹ̀ Ìránì wà lára rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì jọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí Sharp kọ sílẹ̀. Inú Comhaltas ló ti gòkè. Àwọn márùn-ún tí wọ́n jọ di ẹgbẹ́ Ímar, láti Skọ́tílándì, Áyálándì àti Erékùṣù Man, nínú Comhaltas yẹn náà ni wọ́n ti mọ ara wọn láti kékeré. Kì í ṣe pé ẹnì kan gbé ohun èlò lé Amini lọ́wọ́ níbi ìsìnkú bàbá àgbà. Kíláàsì ló lọ.

Irọ́: "Ohun ìṣeré ọmọdé ni"

Nítorí pé ó kéré. Mo mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Apá méjèèjì rẹ̀ jẹ́ pátákó onígun mẹ́fà, tí páálí àti awọ tí wọ́n ká léra wà láàárín wọn, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ gan-an. Ọwọ́ á gba inú ìgbànú awọ kọjá lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Anglo tí àwọn ará Áyálándì ń lò sábà máa ń ní bọ́tìnnì 30. Lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ahọ́n irin méjì ló wà: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá tẹ ẹwìrì wọlé, èkejì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá fà á síta. Ahọ́n 60 nìyẹn nínú àpótí tó wọ inú báàgì ìwé ọmọ iléèwé.

Àwa tí a ń fi dò, re, mí sàmì ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a mọ̀ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ mú ìlà àárín lápá òsì. Bọ́tìnnì kẹta: tẹ̀ ẹ́, dò, fà á, re. Ẹ̀kẹrin: tẹ̀ ẹ́, mí, fà á, fà. Ẹ̀karùn-ún: tẹ̀ ẹ́, sò, fà á, là. Títí dé ibẹ̀, èèyàn á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Bọ́tìnnì kìíní lápá ọ̀tún á wá yí padà: tì ló wà nínú fífà, dò ti òkè ló wà nínú títẹ̀. Là àti tì á jẹ́ fífà tẹ̀lé fífà. Bí ọwọ́ bá gbàgbé, orin á fọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá fi kún un pé orin ijó tó yára tí wọ́n ń pè ní reel kì í dúró de ẹnikẹ́ni, pé ẹwìrì lè kún tàbí kí ó tán nígbà tí orin kò tíì parí, àti pé àtàǹpàkò ọ̀tún ló ń ṣọ́ bọ́tìnnì atẹ́gùn kan ṣoṣo tó lè gbani. Àwọn ọ̀gá máa ń mọ ohùn kan náà níbi méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n lè yan bóyá títẹ̀ tàbí fífà ni wọ́n fẹ́ fi gbé e jáde. Títẹ̀ àti fífà yẹn ló ń jẹ́ kí orin náà máa mí, kí ó máa ta pọ́ún-pọ́ún bí ẹsẹ̀ oníjó.

Ti Wheatstone yàtọ̀. Bọ́tìnnì 48 ló sábà máa ń ní, ohùn kan náà ló sì ń jáde yálà a tẹ̀ ẹ́ tàbí a fà á. Dò, re, mí rẹ̀ á máa fò láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún. Ẹni tó mọ ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ mọ èkejì, bí ẹni tó mọ gángan kò ṣe dédé mọ dùǹdún ìyáàlù.

Nǹkan kékeré sì lè dójú ti ọ̀gá. Eruku tí ojú kò rí bá wọ abẹ́ ahọ́n irin kan, ohùn kan á dákẹ́ lójú agbo. Olórin á tú ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú súkúrù-dẹ́rẹ́bà, á fi etí bébà ra abẹ́ ahọ́n náà, á dì í padà, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn èèyàn bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Irọ́: "Ohun kékeré, owó kékeré"

Rárá o. Èyí tí ọmọ fi ń kọ́ṣẹ́ lè wà ní ọgọ́rùn-ún yúrò mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń le lọ́wọ́ débi pé wọ́n ń lé ọmọ kúrò nídìí rẹ̀. Èyí tí olórin gidi lè gbé dórí ìtàgé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò ni. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe é kò pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ti ọ̀gá nínú wọn lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà làwọn kan ṣe ń wá ti àtijọ́ kiri, pàápàá ti Jeffries ará Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Iléeṣẹ́ Lachenal tó ṣe púpọ̀ jù láyé ọjọ́un ti kógbá wọlé láti àwọn ọdún 1930.

Èrè kan wà nínú kíkéré rẹ̀: ó wọ abẹ́ àga ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ bi àwọn tó ń ta háàpù léèrè ohun tí ojú wọn ń rí ní pápákọ̀.

Irọ́: "Ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ ti là"

Ní 1989, ọ̀dọ́ kan láti Edinburgh, Simon Thoumire, gba àmì-ẹ̀yẹ Young Tradition ti BBC Radio 2. Kọnsatínà Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ̀. Ẹni bá rò pé ilẹ̀kùn ọrọ̀ ṣí fún un lọ́jọ́ náà, kò mọ ọ̀rọ̀ orin ìbílẹ̀. Ohun tí Thoumire ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló jọ mí lójú ju àmì-ẹ̀yẹ lọ: ó di olùdásílẹ̀. Òun ló dá Hands Up for Trad sílẹ̀, àjọ tó ń ti orin ìbílẹ̀ Skọ́tílándì lẹ́yìn. Àjọ yẹn náà ló ń ṣètò ìdíje olórin ìbílẹ̀ ọ̀dọ́ pẹ̀lú BBC Radio Scotland, èyí tó ti wà láti 2001. Àṣekágbá rẹ̀ máa ń bọ́ sí àsìkò ayẹyẹ Celtic Connections ní Glasgow, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Ìdíje yẹn ni Amini borí ní 2016. Oníkọnsatínà ló la ọ̀nà, oníkọnsatínà mìíràn ló gbà á kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ pè é ní ogún, mo gbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ìpàdé ìgbìmọ̀ àti ìwé ìbéèrè owó ló wà nínú rẹ̀.

Kí ni àmì-ẹ̀yẹ wá ń fúnni? Orúkọ lórí rédíò ni, àti àyè lórí ìtàgé. Ó ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣètò ayẹyẹ dáhùn ìpè rẹ nígbà tí o bá pè é. Owó oṣù kò sí níbẹ̀. Talisk, ẹgbẹ́ Amini tí fáólìnì àti gìtá wà nínú rẹ̀, ti gba àmì-ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ ti BBC Radio 2 ní 2015. Wọ́n gbé àwo Abyss jáde ní 2016, Beyond ní 2018, Dawn ní 2022. Láàárín ìgbà yẹn ni Ímar náà gbé Afterlight jáde ní 2017 àti Avalanche ní 2018. Ní Belfast ní 2018, nínú àṣeyẹ Folk Awards, Amini gba ti olórin tó mókè jù lọ́dún náà, Ímar sì gba ti ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ wá gbayì. Ẹ ka àwọn ọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹgbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àwo mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́ta, láti 2016 sí 2018. Ẹni tó ti là kì í sáré báyìí.

Edel Fox ti Miltown Malbay gba ti ọ̀dọ́ nínú Gradam Ceoil, àmì-ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n TG4, ní 2004. Síbẹ̀, ó ń kọ́ni.

Irọ́: "Orin babańlá kò ní ẹni tó ni ín, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń jẹun"

Irọ́ méjì ló so pọ̀ yìí. Èkíní: òótọ́ ni pé orin tó ti pẹ́ tí a kò mọ ẹni tó dá a kò ní ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí olórin kan gbà tò ó lè jẹ́ tirẹ̀, kó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń gba owó ẹ̀tọ́. Bí ó bá dá reel tuntun fúnra rẹ̀, tirẹ̀ ni títí ọjọ́ ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, yálà ó dún bíi ti ayé Mrs Crotty tàbí kò dún bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń ṣe lórí ìtàgé, àwọn fúnra wọn ló dá a.

Èkejì: íńtánẹ́ẹ̀tì ń mú òkìkí wá, owó rẹ̀ kéré. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 lórí Spotify, kọ́bọ̀ kò wọlé fún un. Fún olókìkí, ìyẹn kò jẹ́ nǹkan. Fún ọmọ Clare tó gba orin ijó jig mẹ́tàlá sílẹ̀ ní yàrá rẹ̀, odi ni.

Níbo wá ni oúnjẹ wà? Nínú kíkọ́ni ni, àti nínú ìrìn-àjò. Noel Hill, ọ̀gá kan láti Clare, ní ilé ẹ̀kọ́ kọnsatínà tó ń gbé lọ sí Amẹ́ríkà nígbà ooru, àwọn àgbàlagbà tí orí wọn ti funfun máa ń wá kọ́ títẹ̀ àti fífà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń kọ́ ọmọ lórí fídíò lọ́jọ́ Ajé, wọn á wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìjókòó orin ilé ọtí tí àlejò ń rò pé gbogbo èèyàn ibẹ̀ ń gbowó, ẹnì kan tàbí méjì tó ń gbé e dúró ni onílé ọtí sábà máa ń san nǹkan fún. Àwọn yòókù, ìfẹ́ orin ni, àti ọtí díẹ̀.

Ọ̀nà náà kò tún gbòòrò bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí Bìrìtìkó ti jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, olórin tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó kò lè lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180 ní agbègbè Schengen, bí kò bá gba físà mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ìtàgé tó ní ìwé ìrìnnà Áyálándì ń lọ ń bọ̀ bó ṣe wù ú. Nínú ẹgbẹ́ kan náà! Ní 2020, nígbà tí kòrónà ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ìrìn-àjò dúró pátápátá, àwọn tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ rí pípọ́n ojú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Áyálándì bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2022: 2,000 oníṣẹ́-ọnà tí ìbò mú ni wọ́n ń fún ní 325 yúrò lọ́sẹ̀ nígbà náà, ètò ọdún mẹ́ta ni wọ́n pè é. Ẹ fi owó yẹn wé owó ilé ní Dublin kí ẹ tó jowú.

Irọ́: "Ti òyìnbó nìkan ni"

Ní Gúúsù Áfríkà, àwọn Boer tẹ̀ ẹ́, àwọn Zulu náà sì gbà á. Àwọn Zulu kò gbà á bó ṣe wá: wọ́n tú inú rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ààyè àwọn ahọ́n irin títí ó fi ń sọ èdè wọn. Orin maskanda wọn ń lò ó. Johnny Clegg, olórin òyìnbó ibẹ̀ tó kú ní 2019, kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn Zulu, kò kọ́ ọ lọ́wọ́ òyìnbó.

Nílẹ̀ wa, kọnsatínà kò ta gbòǹgbò, ṣùgbọ́n àkọ́díọ̀nù tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ta á. Ẹwìrì kan náà, ahọ́n irin kan náà. Ọwọ́ ta ló gbé e wọ jùjú? I.K. Dairo ni, ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí Ọbabìnrin Ìlú Ọba fún ní MBE ní 1963.

Mo wá padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Dairo yín ńkọ́, ilé Àyàn wo ni wọ́n ti bí i?" Ó dákẹ́. Ó mọ ìdáhùn náà jù mí lọ. Ọ̀ffà ni wọ́n ti bí Isaiah Kẹ́hìndé Dairo ní 1930, ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ti ta aṣọ kiri, ó ti ṣe lébìrà, kí jùjú tó bọ́ ọ. Ìlù àkọ́kọ́ tó lù láyé rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún un. Káfíńtà ni bàbá náà, ó ń ṣiṣẹ́ fún rélùwéè.